Èmi Ni Mo Dí Ẹnu Dáàmù

"Ẹ bá mi pe Ìyá Ẹ̀bùn padà," ni Fàòsíyà wí. "Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ lẹ́nu mi, mi ò sì ní sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ó ti pẹ́ jù nínú mi. Bí mi ò bá sọ ọ́ jáde lónìí, yóò pa mí." Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Gbogbo ará Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ló wà lórí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n ń ru amọ̀ láti fi tún dáàmù tó ya ní ìdúnta mọ. Fàòsíyà ni olórí àwọn obìnrin tó ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́, òun náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tó ń bu ẹ̀bà sí abọ́. Àfi bó ṣe ju ìgbakọ sílẹ̀, tó gun orí odi yẹ̀pẹ̀ tuntun náà bí ẹni tí ejò ń lé, tí ìborùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ tí kò sì bojú wẹ̀yìn. Ó dúró, kò lè dúró. Ó jókòó sórí òkúta kan, ó tún dìde. Ó ń wo ọ̀nà tí Olúwafúnkẹ́, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ẹ̀bùn, gbà lọ. Mùtàlíbù, àbúrò rẹ̀, sáré tọ̀ ọ́, ó di apá rẹ̀ mú, ó ń fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. "Ẹ má dá wọn lóhùn o," ló ń sọ fún àwọn tó ti ń pé jọ. "Ara Àǹtí mi ni kò yá. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló ga. Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ sílé kí ẹ lọ lo oògùn yín." Fàòsíyà já apá rẹ̀ gbà. "Mo ti lo oògùn mi láàárọ̀, Mùtàlíbù. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀." Baálẹ̀ wo ojú rẹ̀ títí, ó sì rán ọmọbìnrin kan pé kó sáré lọ pe Ìyá Ẹ̀bùn wá.

Ẹni tí kò bá dé Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ rí kò lè mọ ohun tí dáàmù yẹn jẹ́ fún wọn. Abà náà kò jìnnà sí Fìdítì. Ọ̀nà Akinmorin ni ọ̀kadà ń gbà débẹ̀. Odò Aláró tó ń ṣàn kọjá nísàlẹ̀ abà, odò òjò ni. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, a gbẹ, a wá ku ẹrẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ ń yí nínú rẹ̀. Àwọn bàbá wọn ló kó ara wọn jọ láyé ijọ́un, tí wọ́n fi amọ̀ àti òkúta sé odò náà láàárín òkè kékeré méjì, kí omi òjò lè dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Kì í ṣe dáàmù ńlá onísìmẹ́ńtì. Odi yẹ̀pẹ̀ lásán ni, koríko ti hù bò ó, ewúrẹ́ ń jẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni gbogbo abà fi ń jẹun. Páìpù kan wà nísàlẹ̀ odi náà tí wọ́n ń ṣí fún àwọn olóko ẹ̀fọ́, kálukú lọ́jọ́ tó bá kàn án. Lápá ọ̀tún, wọ́n gé orí odi wálẹ̀ díẹ̀, wọ́n to òkúta sí i, kí omi tó bá pọ̀ jù lè máa gba ibẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. Ẹnu dáàmù ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Òfin tí àwọn bàbá náà fi lélẹ̀ kò ní àlàyé púpọ̀ nínú: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ẹnu dáàmù, nítorí ibẹ̀ ni dáàmù ti ń mí.

Fàòsíyà mọ òfin yìí. Òun ló máa ń sọ ọ́ fún àwọn ìyàwó tuntun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí abà. Opó ni, ata rodo àti tòmátì ẹ̀ẹ̀rùn ló fi tọ́ Tahirah ọmọ rẹ̀ títí ó fi dé ilé ọkọ ní Ilora. Kò ya ọ̀lẹ, kò jalè, kò sí ẹni tó lè ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi í ṣe olórí àwọn obìnrin olóko. Àmọ́ oko tirẹ̀ kò sí lábẹ́ páìpù. Òkè ni ó wà, létí omi, ẹ̀rọ ni Mùtàlíbù fi ń bá a fa omi sí i, róbà gígùn kan ni wọ́n sì ń tẹ́ láti oko dé inú omi. Bí omi bá ti fà sẹ́yìn nínú ọ̀gbẹlẹ̀, róbà kò ní kàn án mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ṣáájú nìyẹn. Ata rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná ni omi sá fún un. Ó ń fi kẹ́ẹ̀gì pọn ọ́n títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń ro ó, ata náà sì gbẹ mọ́ ọn lójú bí aláìsàn tí oògùn kò ran. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń ká tiwọn. Obìnrin kan wá sọ lójú gbogbo ènìyàn nídìí mọ́tò tó ń kó ata lọ sí Ìbàdàn pé, "Àṣé olórí olóko náà ń ra ata jẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fàòsíyà náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, ó lọ jókòó síbì kan nínú ọkàn rẹ̀, kò sì kúrò.

Nígbà tí òjò tún wá kún dáàmù, tí omi ń gba ẹnu rẹ̀ lọ lójoojúmọ́, Fàòsíyà a dúró síbẹ̀, a máa wò ó. Omi tí òun fi ẹ̀yìn pọn nínú ẹ̀ẹ̀rùn, òun náà ló ń ṣòfò lọ yìí! Ó mú ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ omi pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbé ẹnu dáàmù ga sí i díẹ̀. Wọ́n ní rárá, odi náà ti darúgbó, kò lè gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó lọ sílé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ní ìparí oṣù kẹwàá, nígbà tí àwọn ọkùnrin ti lọ kírun ní Fìdítì, òun àti Mùtàlíbù rọ iyanrìn kún àwọn àpò ajílẹ̀ tó ti gbó, wọ́n sì tò wọ́n sí ẹnu dáàmù títí ó fi dí. Wọ́n wá fa koríko odò bò ó, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rò pé pàǹtí tí omi kó wá ni. Mùtàlíbù nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, bí òjò bá tún wá rọ̀ ńkọ́?" Fàòsíyà ní, "Òjò wo? Òjò ti tán nílẹ̀. Ìwọ̀nba tó kù kò lè ṣe nǹkan kan. A ó yọ ọ́ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé." Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó bo ibi tí kò bò rí. Ó sún mọ́ oko Fàòsíyà títí ó fi ku bíi kó na ọwọ́ bù ú. Obìnrin náà dúró létí rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tó jí ló ń tìtorí rẹ̀ dúpẹ́! Ìgbàkígbà tó bá rántí ọpẹ́ ọjọ́ yẹn lẹ́yìnwá, ojú a tì í ju ẹ̀ṣẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Òjò tó parí ọdún yẹn kò bẹ̀rẹ̀ ní Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Òkè lọ́hùn-ún, lápá Ilora, ni ó ti kọ́kọ́ ṣú, tó ti rọ̀ láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Fàòsíyà wà nínú ahéré lóko rẹ̀, ìrì òjò lásán ló ń wọ́n sórí páànù, síbẹ̀ kò fi ara balẹ̀. Ó ń yọjú, ó ń wọlé. Nígbà tó yọjú lẹ́ẹ̀kẹta, omi dáàmù ti pọ́n bí epo, ó ń ru ẹ̀ka igi àti kùkùté àgbàdo bọ̀, ó sì ti fẹ́ bá orí odi dọ́gba. Ó ju bàtà sílẹ̀, ó sáré. Nígbà tó dé ẹnu dáàmù, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi gbogbo agbára fa àpò kan yọ. Omi bú jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ariwo, bí ẹni tí wọ́n tú okùn lọ́rùn rẹ̀. Bó bá fa èkejì, bó bá fa ẹ̀kẹta, ìtàn yìí ìbá parí síbẹ̀, àwọn ènìyàn ì bá sì kàn bínú sí i ni, wọn ì bá bú u, wọn ì bá gba oyè olórí lọ́wọ́ rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti di àpò kejì mú nígbà tó gbójú sókè. Ẹnì kan ń bọ̀ lórí òkè tó kọjú sí i. Akínwándé ni, ẹ̀gbọ́n Olúwafúnkẹ́, ọkùnrin tó ń dẹ òkété, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kó má gbẹ́ ihò lára odi mọ́. Ó da àpò borí nítorí òjò, ajá rẹ̀ ṣáájú. Ọwọ́ Fàòsíyà dẹ̀. Ohun tó sọ sí i lọ́kàn nìyí: "Bó bá bá mi níbí, orúkọ mi ti bàjẹ́ lónìí." Ó fi àpò náà sílẹ̀. Ó wọ inú oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó lọ lóṣòó, ó ń dúró kí ọkùnrin náà kọjá.

Akínwándé kò kọjá. Ó dúró, ó wo omi, ó sì rí ohun tí Fàòsíyà ti rí. Ó ju àpò orí rẹ̀ nù, ó já lu ọ̀nà ìsàlẹ̀, ó ń sáré bí ẹni tí iná ń jó lẹ́yìn, ó ń ké, "Omi o! Omi ń bọ̀ o! Ẹ kúrò lódò!" Àwọn tó wà nínú oko ẹ̀fọ́ gbọ́ ọ, wọ́n sá gun òkè. Fàòsíyà jáde nínú ẹ̀gẹ́ nígbà tí ọkùnrin náà ti lọ, ṣùgbọ́n omi ti ń gba orí odi kọjá. Ibi tó ti ń kọjá ń fẹ̀ sí i, amọ̀ náà ń ya bọ́ lu omi ní wàlàwàlà bí ẹ̀kọ tó bọ́ sínú omi gbígbóná. Lẹ́yìn náà, ohun kan dún nínú ilẹ̀, gbogbo apá ọ̀tún odi náà sì lọ. Ẹ̀bùnolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí Olúwafúnkẹ́ bí, ti lọ rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú sódò, níbi tí igbó ọparun kò jẹ́ kó gbọ́ igbe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń kọ́ ní Fìdítì, ó ti fẹ́ gba òmìnira. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òkú rẹ̀.

Omi ti kó èyí tó pọ̀ nínú àwọn àpò náà lọ. Ìwọ̀nba tó há sí àárín òkúta, Mùtàlíbù lọ kó o, ó sì rì í mọ́lẹ̀. Ó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá. "Àǹtí, a ò rí nǹkan kan, a ò ṣe nǹkan kan. Ẹ bá mi gbọ́ o. Mo ní ọmọ." Fàòsíyà mi orí pé òun gbọ́.

Àwọn ará abà jókòó nílé baálẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò pẹ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi náà rù. Ta ló ń gbẹ́ òkété lára odi? Ta ni wọ́n ti kìlọ̀ fún títí? Ta ni wọ́n sì rí lọ́jọ́ náà gan-an tó ń sáré kúrò níbẹ̀? Akínwándé ní òun sáré láti ké sí àwọn ènìyàn ni. Ẹnì kan ní, "Tàbí o ń sá fún ohun tí o mọ̀?" Olúwafúnkẹ́ dìde láàárín àwọn obìnrin tó mú un dání. Kò sunkún. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ dá mi lóhùn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kìlọ̀ fún yín, ṣé ẹ tún gbẹ́ ihò lára odi náà?" Akínwándé tẹrí ba. Ó lè purọ́. Kò sẹ́ni tó rí i. Ó ní, "Mo gbẹ́ ẹyọ kan, Fúnkẹ́. Lápá òsì. Mo ti dí i padà." Olúwafúnkẹ́ ní, "Ó tó. Láti òní lọ, ẹ má pè mí ní àbúrò mọ́." Lápá òsì! Fàòsíyà gbọ́ ọ. Apá ọ̀tún ni odi ti kọ́kọ́ ya, ojú rẹ̀ ló ṣe, òun nìkan ló rí i, nítorí nígbà tí àwọn yòókù máa fi débẹ̀, odi ti ya kọjá àárín. Ó jókòó síbẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn, ó fi ìborùn bo ẹnu, wọ́n sì rò pé ó ń sunkún ni.

Èyí kì í ṣe ibi tó burú jù. Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ lójúde rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, nígbà tó ń yan gààrí. Akínwándé wá. Ó ti rù, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú yẹ̀pẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyá Tahirah," ló wí, "ẹ̀yin lẹ wà lóko lọ́jọ́ yẹn. Oko yín ló sún mọ́ dáàmù jù. Mi ò sùn mọ́. Mo ń ro ihò yẹn, mo ń rò ó. Mo dí i dáadáa, àmọ́ bóyá mi ò dí i tó. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ibi tí odi ti ya, ẹ sọ fún mi. Bó bá jẹ́ ihò mi ló pa Ẹ̀bùn, kí n mọ̀ pé èmi ni. Bí kò bá sì jẹ́ èmi, ẹ gbà mí." Ọ̀nà là sílẹ̀ fún Fàòsíyà níbẹ̀. Kò sí baálẹ̀ níbẹ̀, kò sí èrò, Mùtàlíbù kò sí nílé. Ẹnì kan ló dọ̀bálẹ̀, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba òun. Gààrí ń jó nínú agbada, kò fọwọ́ kàn án. Ó la ẹnu, ohun tó jáde níbẹ̀ ni, "Ihò rẹ ni, Akínwándé. Ojú mi ló ṣe. Ibẹ̀ ni omi gbà." Ọkùnrin náà kò dìde bọ̀rọ̀. Nígbà tó dìde, ó ní, "Ó dáa. Ó dáa, Ìyá." Ọjọ́ kejì ló wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, ó lọ ń ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé.

Láti ìgbà náà ni ìjókòó ti tán fún Fàòsíyà. Bó bá kírun, kò ní mọ ibi tó dé nínú ìrun, a tún un bẹ̀rẹ̀. A lọ sí oko, a padà lójú ọ̀nà. A sùn sí yàrá, a kó ẹní lọ sí pálọ̀, láti pálọ̀ a bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tí kò sí ẹ̀kán omi nínú Aláró, òun ń gbọ́ híhó omi. Tahirah ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ilora. Ó lọ, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi padà. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bó bá pàdé Olúwafúnkẹ́ lọ́nà, òun ló máa ń tètè kí i, a sì máa kí i gùn: "Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ kú iṣẹ́ o, ara ńkọ́, oko ńkọ́," bí ẹni tó fẹ́ fi ìkíni dí ihò. Orúkọ yẹn a sì máa gún un lẹ́nu bí egungun ẹja. Ìgbà kan ó sọ fún Mùtàlíbù pé òun máa sọ ọ́. Mùtàlíbù kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sunkún. Ó tún dákẹ́.

Nígbà tó wá di ọdún yìí, àwọn ọmọ abà tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun dáwó jọ, wọ́n ní kí wọ́n tún dáàmù mọ. Ẹnjiníà kan wá, ó wọn ilẹ̀, ó sì ní kí àwọn ará abà fi agbára wọn ru amọ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Akínwándé dé. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Ó gbé ṣọ́bìrì tirẹ̀ wá láti Ìbàdàn, ó bọ́ sínú kòtò amọ̀, ó ń bu, ó ń rù, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí Olúwafúnkẹ́ rí i, ó gbé abọ́ amọ̀ orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó yí padà, ó gba ilé lọ. Akínwándé wò ó títí ó fi kọjá, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe oúnjẹ, òun ló dé kẹ́yìn. Fàòsíyà bu ẹ̀bà fún un, kò wo ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà gba abọ́, kò lọ. Ó ní, "Ìyá Tahirah, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo wá bá yín. Ẹlòmíràn ìbá purọ́ láti fi tù mí nínú. Ẹ ṣé." Ìgbà yẹn ni Fàòsíyà ju ìgbakọ sílẹ̀, tó sì gun orí odi.

Olúwafúnkẹ́ dé, ó dúró nísàlẹ̀ odi, ó ká ọwọ́ gbera. "Wọ́n ní ẹ ń pè mí." Fàòsíyà sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ọ́, ó kúnlẹ̀ sínú amọ̀. Àwọn obìnrin sáré fẹ́ gbé e dìde nítorí ó dàgbà jù ú lọ. Ó ta ọwọ́ wọn dànù. "Ìyá Ẹ̀bùn," ó ní, "èmi ni mo dí ẹnu dáàmù. Èmi àti àbúrò mi Mùtàlíbù. A to àpò iyanrìn sí i lọ́jọ́ Jímọ̀, kí omi lè dé oko mi. Nígbà tí òjò dé, mo sáré lọ fà á yọ. Mo yọ ọ̀kan. Mo rí bùọ̀dá yín tó ń bọ̀, mo sá pamọ́ sínú ẹ̀gẹ́ kó má baà rí mi. Mo wà nínú ẹ̀gẹ́ yẹn nígbà tí òun ń sáré lọ gba ọmọ yín là. Ihò rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Apá ọ̀tún ni odi ya. Ó wá bi mí, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, mo sì sọ fún un pé òun ni. Èmi aláìlójútì yìí! Mo gbé òkú mi sí i lórí, ó ń rù ú kiri Ìbàdàn, ó sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi láìpẹ́ yìí. Ẹ dárí jì mí. Bí ẹ ò bá lè dárí jì mí, ẹ ṣáà dárí jì í."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ọ̀kadà Mùtàlíbù tó ń dún lọ lójú ọ̀nà. Akínwándé ti dìde, abọ́ ẹ̀bà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá, ẹ tún un sọ." Fàòsíyà ní, "Kì í ṣe ìwọ." "Kì í ṣe ihò mi?" "Kì í ṣe ihò rẹ, Akínwándé." Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ohùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tí kò sí ẹni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí, kì í ṣe ẹkún, kì í sì í ṣe ẹ̀rín. Olúwafúnkẹ́ kò tilẹ̀ wo Fàòsíyà. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi orí lé e léjìká, ó ń wí pé, "Bùọ̀dá mi. Bùọ̀dá mi. Kí ló dé tí ẹ gbà pé ẹ̀yin ni?" Àwọn ọkùnrin kan fẹ́ dá sẹ̀ríà fún Fàòsíyà lójú ẹsẹ̀, baálẹ̀ gbé ọ̀pá rẹ̀ dí wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ tó ní ikú nínú kọjá ẹjọ́ ìdí igi, kí obìnrin náà dìde kí àwọn jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Fàòsíyà dìde.

Kó tó lọ, ó yíjú sí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń ru amọ̀, àwọn tó ń pè é ní olórí. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé lọ́jọ́ tí mo dí omi ni mo ti sọnù. Ọwọ́ tó dí i lè ṣí i. Ibi tí mo ti sọnù ni ibi tí mo ti fi àpò sílẹ̀ nítorí pé ojú ènìyàn ń bọ̀. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ká yín mọ́ ọn pẹ̀lú ọwọ́ yín lórí àpò. Ẹ̀sín kò pa ènìyàn. Ẹ wo ohun tí ó ń pa èmi."

Ẹjọ́ náà ṣì wà nílé ẹjọ́. Wọ́n gba onídùúró rẹ̀ nítorí àìlera rẹ̀. Mùtàlíbù sá lọ fún bí oṣù kan kó tó wá fi ara rẹ̀ hàn. Wọ́n parí dáàmù. Akínwándé ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ. Fàòsíyà kò dé ibẹ̀ mọ́. Ilé Olúwafúnkẹ́ ló máa ń lọ, a kúnlẹ̀ sójúde, a bẹ̀ ẹ́, a padà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọ́n jọ ń bó ẹ̀gẹ́. Akínwándé gbójú kúrò. Olúwafúnkẹ́ sọ ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ìyá Tahirah," ó ní, kò sì sọ ọ́ kíkan, "ẹ máa lọ sílé. Ẹ má wá mọ́. Ìdáhùn tí ẹ ń wá, mi ò tíì ní i. Lọ́jọ́ tí mo bá ní i, èmi fúnra mi ni mo máa gbé e wá bá yín." Fàòsíyà lọ sílé. Kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́. Títí di òní, bí ẹsẹ̀ bá ti dún lójúde, yálà ewúrẹ́ ni tàbí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, a dìde, a tún ìborùn rẹ̀ ṣe, a sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.